Wáyà Tí Mo Fi Ọ̀rá Búrẹ́dì Dì

Ọjọ́ tí mo so iná sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta kò tíì tán lọ́kàn mi, kò sì jọ pé yóò tán. Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi, kí ẹ má baà máa wá ẹlẹ́bi kiri bí ẹ ti ń kà á lọ. Èmi ni mo so wáyà náà, mi ò sì so ó dáadáa. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí, nítorí àìmọ̀ ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí mo wá mọ̀, mo dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́, tí mò ń jẹun, tí mò ń sùn, tí wọ́n sì ń pè mí ní Injiníà.

Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró wà láàárín. Ẹ̀yìnkùlé la ti ń wẹ̀, ibẹ̀ la ti ń fọ abọ́, ibẹ̀ náà sì ni ṣọ́ọ̀bù Màmá, bí a bá lè pe ibi tí kò ní òrùlé ní ṣọ́ọ̀bù. Alágbàfọ̀ ni Màmá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn àpọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rélùwéè ló sì ń fọṣọ fún. Obìnrin kúkurú ni. Bó bá fẹ́ sá aṣọ, orí àpótí onípákó ló máa ń dúró sí kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó okùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì wà nínú bàtà kan tí wọ́n fi táyà ọkọ̀ gé, tó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ó ní omi ọṣẹ ti ba àtẹ́lẹsẹ̀ òun jẹ́, kò sí bàtà mìíràn tó tún gba òun mọ́ra. Ẹ fi àpótí yẹn àti bàtà yẹn sọ́kàn o.

Okùn tí mò ń wí yìí, a kàn ń pè é ní okùn ni. Wáyà irin ni, nítorí pé okùn lásán kò lè gbé bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ti mu omi. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìntì, ló ri òpó irin kan mọ́ simẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, ó sì fa wáyà irin náà láti ara òpó yẹn dé ara igi àgbọn tó wà lódìkejì. Màmá ló ń lò ó jù, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń sá aṣọ sí i.

Èmi àti Màmá ṣọ̀rẹ́. Ọ̀fẹ́ ló ń bá mi fọ aṣọ iṣẹ́ mi. Ọkọ mi ló máa ń pè mí. Bí mo bá ti ń wọlé bọ̀ láti Muṣin níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn: "Ọkọ mi, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ jọ̀ọ́, ó ń rùn bí òbúkọ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan yọ́ wọlé, ó ká ṣòkòtò funfun méjì àti ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ lórí okùn. Ti àwọn oníbàárà ni. Màmá dúró sáàárín ẹ̀yìnkùlé, ó káwọ́ lérí, ó sì pariwo kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Ẹni tó bá tún fọwọ́ kan aṣọ tí kì í ṣe tiẹ̀ lórí okùn mi yìí, kí ọwọ́ náà gbọ̀n! Kó gbọ̀n, kó gbọ̀n, kó má lè di ṣíbí mú!"

Gbogbo wa ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú.

Ẹkún yẹn ló wọ̀ mí lára. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Iná ni ẹ̀yìnkùlé yìí ń fẹ́. Bí ibẹ̀ bá mọ́lẹ̀ rekete, olè ò ní yà síbẹ̀ mọ́. Èmi ni màá so ó fún yín."

"Ṣé o ti mọ̀ ọ́n ṣe, ọkọ mi?"

"Màmá! Iṣẹ́ mi ni kẹ̀!"

Iṣẹ́ mi. Fọ́ọ̀mù tírì ni mo ti kúrò nílé ìwé, oṣù mẹ́fà péré ni mo sì tíì lò lọ́dọ̀ Ọ̀gá mi tó ń ṣiṣẹ́ iná. Nínú oṣù mẹ́fà yẹn, ohun tí mo mọ̀ dájú ni bí a ṣe ń gbẹ́ ògiri kí páìpù lè wọ̀ ọ́, bí a ṣe ń di àkàbà mú kí Ọ̀gá má jábọ́, àti ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà tó dára jù ní gbogbo Muṣin. Ọ̀gá ò tíì jẹ́ kí n so wáyà kankan fúnra mi. Mo bi í léèrè nípa iná ìta lọ́jọ́ kan, ó ní, "Iná ìta yàtọ̀ sí tinú ilé. Tá a bá dé ibẹ̀, màá kọ́ ẹ." A ò tíì dé ibẹ̀. Èmi nìkan ni mo ti dé ibẹ̀.

Àwọn àjákù wáyà tí Ọ̀gá ní kí n dà nù ni mo kó jọ. Èyí tó gùn jù nínú wọn ò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ. Mo so mẹ́rin pọ̀, oríkèé mẹ́ta ló wá wà lára rẹ̀. Mo fi eyín bó ojú wọn, mo lọ́ wọn mọ́ra bí ẹni ń dirun, ó sì rẹwà lójú mi. Téèpù dúdú tí oníṣẹ́ iná fi ń dì í ti tán nínú àpò mi. Ká má purọ́, kò sí níbẹ̀ rí. Sẹ́lótéèpù tí Àǹtí Bísí fi ń lẹ ìwé ni mo yá. Ọmọge tó ń kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé ni Àǹtí Bísí, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Nígbà tí mo wá ronú kan òjò, mo mú ọ̀rá búrẹ́dì, mo wé e mọ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan, mo fi rọ́bà dè é lórí àti nídìí. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Ọ̀rá kan náà ni kì í jẹ́ kí omi ara búrẹ́dì jáde. Mi ò rò ó pé bí òjò bá wọ inú rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ìyẹn náà jáde.

Oríkèé kejì wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òpó irin Bàbá Lánlọ́ọ̀dù gan-an. Mo ní Ọlọ́run ti pèsè ibi tó máa sinmi lé. Mo fi wáyà tín-ín-rín tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin so ó mọ́ òpó náà, mo sì fún un pinpin.

Ó wá ku súwíìṣì. Mo kàn án mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wáyà méjì ló wà níwájú mi, pupa àti dúdú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ̀ pé pupa ni iná ń gbà wọlé, òun sì ni súwíìṣì gbọ́dọ̀ gé. Èmi gé dúdú, nítorí pé òun ló sún mọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́, gílóòbù tàn. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó kú. Kí tún ni mo fẹ́?

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ń kọjá lójú títì á rò pé a bímọ. Bọ̀dá Kàsálí, fọganáísà tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tèmi, gbé mi sókè bí ẹni gbé táyà. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Injiníà!" Orúkọ yẹn sì mọ́ mi lára lójú ẹsẹ̀. Màmá ní kí n kúnlẹ̀, ó ṣàdúrà fún mi títí orúnkún mi fi ń ro mí. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, olè ò wá, aṣọ ò sọnù. Bí mo bá ń kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀, màá kàn fọwọ́ pa súwíìṣì náà lára bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

Lẹ́yìn náà ni òjò rọ̀ mọ́jú Ọjọ́rú kan. Igbe Àǹtí Bísí ló jí mi.

"Yéè! Mo gbé o! Okùn yìí gbá mi mú!"

Nígbà tí a fi dé ẹ̀yìn, ó ti jókòó sínú omi pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, aṣọ tó fẹ́ sá wà nílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

"Ṣé kì í ṣe iná?" ni Bàbá Lánlọ́ọ̀dù wí.

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo wo gílóòbù, ó kú. Mo lọ wo súwíìṣì, mo rí i pé ó wà ní pípa. Mo padà wá, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn bí Ọ̀gá mi ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ bá onílé sọ̀rọ̀.

"Bàbá, kò sí iná níbẹ̀," ni mo wí. "Iná tó ti kú kì í gbé èèyàn."

Mo sì gbà á gbọ́, ẹ dákun. Kì í ṣe irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ̀rù lásán ló bà yín, Àǹtí," Bọ̀dá Kàsálí wí. Balùwẹ̀ ló ti sáré jáde, táwẹ́ẹ̀lì nìkan ló ró sídìí, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. "Ẹ wo bí ọkùnrin ṣe ń ṣe é."

Ó di okùn mú. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ijó tó jó. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, táwẹ́ẹ̀lì sì jábọ́. Ọlọ́run ló ní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, tó fi ṣubú tí ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́. Ó dìde ní ìhòòhò, ó sáré padà sínú balùwẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àsìkò yẹn gan-an ni Màmá dé láti ibi tó ti lọ pọnmi lójúde. Kò gbọ́ nǹkankan. "Ẹ káàárọ̀ o. Kí ló dé tí ẹ tò bí ẹni ń retí ìyàwó?" Ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀, ó gùn ún tòun ti bàtà táyà rẹ̀, ó fi àkísà nu okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ó ń kọrin ìjọ rẹ̀. Nǹkankan ò ṣe é. Mẹ́fà ló sá.

 Ìgbà tó wọlé lọ kó èyí tó kù ni Àǹtí Bísí tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ẹ ò rántí ohun tó wí? Ó ní kí ọwọ́ gbọ̀n."

"A sì ṣe àmín," Bọ̀dá Kàsálí wí láti inú balùwẹ̀.

"Ṣùgbọ́n aṣọ tèmi ni mo fẹ́ sá! Mi ò mú ti ẹnikẹ́ni."

"Bóyá okùn náà ò mọ ẹni tó ni aṣọ."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kí Màmá láti òkèèrè. Àwọn tí kì í kúnlẹ̀ kí i tẹ́lẹ̀ ń kúnlẹ̀. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn sí i, ó ní, "Ilé yìí ti wá lẹ́kọ̀ọ́." Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ dá aṣọ padà fún àwọn oníbàárà, Àǹtí Bísí sì fi ìgbálẹ̀ kan okùn wò, lẹ́yìn náà ìka kan. Nǹkankan ò ṣẹlẹ̀. "Ẹ rí i? Bó bá ti jáde, okùn á sinmi." Kò sẹ́ni tó rántí pé wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀. Èmi Injiníà náà ò rántí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù Màmá ti ń bà mí. Fúnra mi ni mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi lọ́jọ́ yẹn, inú yàrá mi ni mo sì sá a sí.

Ní ìrọ̀lẹ́, àpọ́n méjì láti rélùwéè wá kó aṣọ wọn, pẹ̀lú omi lára aṣọ. Bọ̀dá Kàsálí ti ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ẹni tó wá lẹ táyà. Ọ̀kan nínú àwọn àpọ́n náà purọ́ pé òun ń rìnrìn àjò. Èkejì ò tilẹ̀ purọ́. Màmá dúró ti okùn tó ṣófo, ó di pẹ́ẹ̀gì aṣọ mẹ́rin mú lọ́wọ́, kò mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo mọ òótọ́. Èmi àti Ọ̀gá lọ tún iná ṣe nílé kan ní Sùúrùlérè. Mo pa súwíìṣì, gílóòbù kú, mo na ọwọ́ sókè. Ọ̀gá gbá ọwọ́ náà dànù.

"Ṣé o fẹ́ kí ìyá ẹ sunkún ni?"

"Ọ̀gá, iná ti kú."

"Gílóòbù ló kú. Wáyà ńkọ́?" Ó yọ tẹ́sítà jáde lápò, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná wà lára wáyà. Ó fi kan wáyà náà, iná pupa sì tàn nínú ìdí tẹ́sítà. "Wò ó. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí, dúdú ló fi súwíìṣì gé. Ó ti ilẹ̀kùn tí iná ń gbà jáde, ó ṣí èyí tó ń gbà wọlé sílẹ̀. Iná ò tàn mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì jókòó sínú wáyà, ó ń retí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Dìǹdìnrìn wo ló ṣe irú èyí?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo fi dé Costain lọ́nà ilé, gbogbo rẹ̀ ti tò lójú mi. Dúdú. Ọ̀rá búrẹ́dì. Òpó irin tí okùn so mọ́. Omi òjò. Àǹtí Bísí pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, Bọ̀dá Kàsálí pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Màmá lórí pákó, nínú táyà. Ẹnu rẹ̀ ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkankan. Àpótí àti bàtà ló gbà á là lọ́wọ́ mi.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Mo ti bi ara mi títí. Bí mo bá sọ, màá padà di ọmọ tó ń di àkàbà mú, mo sì ti fẹ́ràn Injiníà. Mo ní màá tún un ṣe ní bòńkẹ́lẹ́, okùn á dákẹ́, ọ̀rọ̀ á sì tán fúnra rẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó tún ń fọwọ́ kàn án. Irọ́ tí mo fi tu ara mi nínú sùn nìyẹn.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, mo gbé àkàbà jáde pẹ̀lú tẹ́sítà àti puláyà tí a fi ń gé wáyà. Mi ò tíì gun ju ìpele kejì lọ tí fèrèsé Bọ̀dá Kàsálí fi ṣí. Ó ti ń ṣọ́ okùn náà láti àárọ̀.

"Injiníà! Sọ̀kalẹ̀! Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Ilé dà jáde. Àǹtí Bísí rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, Bọ̀dá Kàsálí rọ̀ mọ́ tòsì, wọ́n fà mí lulẹ̀ bí ẹni ń já ìbẹ́pẹ. "Ọmọ gidi ni yìí," Àǹtí Bísí ń wí, omi ti lé sójú rẹ̀. "Ó fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i fún wa." Wọ́n gbé àga fún mi. Wọ́n fún mi lómi tútù mu, ẹnì kan sì ń fi páálí fẹ́ mi. Màmá yọjú láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó rí gbogbo wa, ó rí bí wọ́n ṣe wò ó, ó sì padà wọlé. Mo ṣì di ife omi mú lọ́wọ́. Mo mu ún tán.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Bàbá Lánlọ́ọ̀dù pe ìpàdé sí ẹ̀yìnkùlé. Òjò wínníwínní ń ṣẹ́, a dúró sábẹ́ páànù. Bàbá wọ kóòtù rélùwéè rẹ̀ àtijọ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti le.

"Màmá," ó ní, "ilé yìí ò lè gba àwa àti ọ̀rọ̀ ẹnu yín pọ̀. Ẹ pa á rẹ́, tàbí kí ẹ wá yàrá síbòmíràn kí oṣù yìí tó parí."

Mo rò pé Màmá máa bínú. Ó kàn ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé ohun tí ẹ ò fi bá mi ṣeré mọ́ nìyí? Ohun tí àwọn oníbàárà mi fi ń sá nìyí?" Ó mi orí. "Mo sọ ọ́ lóòótọ́. Inú ló bí mi. Mi ò mọ̀ pé ẹnu mi lágbára tó yẹn. Bí mo bá mọ̀ ni, ẹsẹ̀ mi yìí ni mi ò bá kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mi ló ń ṣe yín, ẹ jẹ́ kí n gbà á padà. Ibi tí mo ti sọ ọ́ náà ni màá ti gbà á."

Ó jáde sínú òjò. Ó dé abẹ́ okùn, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà táyà ọ̀tún.

"Mi ò lè wọ bàtà bá Ọlọ́run sọ irú ọ̀rọ̀ yìí," ó ní, ó sì bọ́ tòsì.

Mi ò rí ẹsẹ̀ yẹn láìsí bàtà rí. Ó funfun, ó sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó wà nínú omi títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Gílóòbù ò tàn, ṣùgbọ́n iná wà: rédíò Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Màmá na ìka ẹsẹ̀ kó lè ga, ó na ọwọ́ méjèèjì sí okùn.

Ẹnu mi ló ṣáájú ẹsẹ̀ mi. "Màmá! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Èmi ni! Èmi ni, ẹ̀yin kọ́!"

Mo sáré. Mo kọlu àpótí. Mo rọ̀ mọ́ ìró Màmá láti ẹ̀yìn, mo fà á, àwa méjèèjì sì lọ sínú ọpọ́n omi búlúù tó ti pò sílẹ̀ láti fi ṣan aṣọ funfun. Ọwọ́ rẹ̀ ò kan okùn. Nígbà tí mo yọ orí jáde, etí mi, eyín mi, ohun gbogbo ti di búlúù. Àǹtí Bísí ń pariwo pé okùn ti gbé èmi náà.

"Ẹ pa súwíìṣì ńlá!" mo ń kígbe. "Ti ẹnu ọ̀nà! Kì í ṣe ti ọ̀dẹ̀dẹ̀!"

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù pa á, rédíò sì dákẹ́. Nígbà náà ni mo jókòó sínú ọpọ́n yẹn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àjákù wáyà dé orí ọ̀rá búrẹ́dì. Mo sọ pé Màmá ò lẹ́bi, pé bàtà rẹ̀ ló yàtọ̀ sí tiwa. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù kàn wí jẹ́jẹ́ pé, "Injiníà," bí ẹni ń gba nǹkan padà lọ́wọ́ èèyàn.

Màmá nu omi búlúù kúrò lójú. "Ọkọ mi, ìgbà wo lo mọ̀?"

Mo lè sọ pé ìsinsìnyí ni. Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ sún mọ́ tèmi jù.

"Ọjọ́ Ẹtì, Màmá."

"Ẹtì," ó wí. Ó kà á lórí ìka. "Ẹtì. Àbámẹ́ta. Àìkú."  Ó wọ bàtà rẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀, ó wọlé.

Fúnra mi ni mo lọ pe Ọ̀gá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tó tú oríkèé ara òpó, omi dà jáde nínú ọ̀rá náà bí ẹni da ife. "Ọ̀rá búrẹ́dì!" Ó gbé e sókè kí gbogbo ilé lè rí i. "Ṣé o fẹ́ ra bọ́tà sí i ni? Èmi nìyí, mo bi ẹ́ pé ta ni dìǹdìnrìn náà, o ní o ò mọ̀ ọ́n!" Ìgbà yẹn ni gbogbo ilé tó rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá Kàsálí sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, nítorí táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Ọ̀gá ò bá mi ṣe é. Ó ní èmi ni màá gun àkàbà, òun ló dì í mú. Súwíìṣì ńlá la kọ́kọ́ pa, tẹ́sítà la sì fi wò ó kí ọwọ́ tó kàn án. Odindi wáyà tó nípọn, tó lè gba òjò àti oòrùn, ló ní kí n fà, láìsí oríkèé kankan lójú ọ̀nà, nínú páìpù, abẹ́ páànù ló gbà, ó jìnnà sí òpó irin àti okùn aṣọ. Ibi tí wáyà ti gbọ́dọ̀ pàdé wáyà, inú àpótí kékeré tó ní ìdérí tí omi ò lè wọ̀ ni, níbi tí a ti fi ìdè onísúkúrù dè é, kì í ṣe lílọ́ bí irun. Pupa lọ sí súwíìṣì. Wáyà aláwọ̀ ewé lọ sínú ilẹ̀, kó lè gbé iná tó bá ṣìnà lọ síbẹ̀. Kò sí ọ̀rá.

Lẹ́yìn náà mo lọ bá àwọn àpọ́n rélùwéè méjèèjì, etí mi ṣì ní búlúù díẹ̀ lára. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín títí, ó sì kó aṣọ rẹ̀ padà wá. Èkejì ní òun ti rí ẹlòmíràn. Ọjọ́ mẹ́rin ni Màmá ò fi pè mí. Ọjọ́ karùn-ún, bí mo ti ń wọlé, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn: "Ọkọ mi, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀, ó ń rùn." Mo bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé e lọ bá a.

Èmi náà ti gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ báyìí. Ohun tí mò ń sọ fún ẹni tó bá bi mí kò pọ̀: gílóòbù tó kú ò sọ pé wáyà ti kú, má so oríkèé síta gbangba, bí o ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí o bá sì ti bà á jẹ́, tí o mọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì ni kí o sọ ọ́.

Màmá ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó mú mi ṣèlérí pé bí iná bá dé àdúgbò wọn, èmi ni màá wá so ti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Iná ti débẹ̀. Wáyà rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, odindi, kò ní oríkèé kankan. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti wà níbẹ̀. Bí mo bá ti ní kí n lọ, màá rí ìka mẹ́ta tó fi ka ọjọ́ yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún mi: "Màmá ní kí n sọ fún Injiníà pé òun ti gé bàtà táyà kan sílẹ̀ dè é, kó má fi ẹsẹ̀ lásán wá. Ó ní kó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán nílé kó tó máa bọ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú mi. Gbèsè iná kan ni Màmá rò pé mo jẹ òun. Iná kan ni mo jẹ ẹ́, àti ọjọ́ mẹ́ta.